Yàrá Kan Ṣófo Lẹ́nu Mi

"Bàbá, ẹ di eyín mọ́ òwú yìí, ẹ má yanu
títí ẹ ó fi délé."
Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, ní ọsibítù Ìdó,
ọmọ tí mo kọ́ ní a, b, d ní kíláàsì kìíní,
tí mo máa ń jágbe mọ́ pé, "Pa ẹnu rẹ mọ́!"
Ó ti wá kàn mí.

Láti Ìdó dé Ìfàkì, mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà,
mo dákẹ́ bí ìsáasùn tí wọ́n dé.
Ọlọ́kadà bi mí ní ọ̀nà ilé, mo nawọ́.
Ó rò pé odi ni mí.
Ó fi igba náírà kún ṣéńjì mi, ó ní kí n pẹ̀lẹ́.

Eyín ọ̀hún wà lápò mi nínú bébà,
gbòǹgbò rẹ̀ mẹ́ta, bí ààrò.
Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.
Èyí da tèmi nù.

Ahọ́n ni kò gbọ́ràn.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni òun àti eyín yìí fi jà,
eyín gé e jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá.
Nísinsìnyí tí èkejì rẹ̀ kó jáde,
kò lè jókòó sílé,
ó ń lọ yọjú wo yàrá òfo náà
bí ayálégbé tó fẹ́ mọ ohun tí aládùúgbò gbàgbé sílẹ̀.
Padà wálé, ahọ́n.
Ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ni ilẹ̀kùn.
Bí o bá tì í ṣubú, afẹ́fẹ́ á wọlé,
ìrora á sì gba ibùsùn.

Má tutọ́, Nọ́ọ̀sì ní. Mo gbé e mì.
Má ṣan ẹnu títí di ọ̀la.
Má fa ohunkóhun mu, ìbáà ṣe sìgá, ìbáà ṣe ọsàn.
(Sìgá kì í ṣe tèmi. Ọsàn ló dùn mí.)

Nírọ̀lẹ́, Fágbohùn yọ lójú ìloro.
"Ẹ kú ulé o." Ìgò wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀.
Ó ní kí n da ẹ̀kún ìdérí kan sójú ihò,
pé ohun tí bàbá òun máa ń ṣe nìyẹn.
Mo rántí bàbá rẹ̀ dáadáa:
eyín kan ṣoṣo kò sí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó kú.
Mo mi orí.
Fágbohùn bá mi mu ún.

Ohun tó burú jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi.
Ní aago méje, odó sọ lẹ́yìnkùlé wọn.
Ọmọ Èkìtì ni mí, mo fi etí jẹun:
mo gbọ́ ìgbà tí iṣu fọ́,
mo gbọ́ ìgbà tó dì mọ́ra,
mo gbọ́ ìgbà tí ọmọ odó rọ̀, tí wọ́n ń ké sí ọlọ́bẹ̀.
Níwájú mi, ẹ̀kọ mímu tó ti tutù.
Mo ń fi ṣíbí kékeré bù ú gba ẹ̀gbẹ́ òsì.

Lóru, ìrọ̀rí méjì,
píọ̀ wọ́tà tó dì nínú aṣọ ìnura lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.
Ilẹ̀ mọ́: ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀.
Mo gbé orí sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì,
mo la ẹnu, mo jẹ́ kó dà fúnra rẹ̀ sínú abọ́.
Bí Adúnọlá bá wà, òun ni ì bá wọn iyọ̀ yẹn.
Yàrá tó ṣófo nínú ilé yìí ju ọ̀kan lọ.
Èmi àti ahọ́n la jọ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ-ọmọ mi bá bébà náà lórí tábìlì.
"Bàbá àgbà, ẹ ò ní jù ú sórí òrùlé,
kí òmíràn lè hù?"
Mo di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lóṣù tó kọjá.
Mo jáde sí àgbàlá,
mo wò yíká bóyá aláǹgbá kan ń wò mí,
mo jù ú.
N kò fipá jù ú, nítorí Nọ́ọ̀sì.
Ó ró gbaǹgbà lórí páànù.
Ọmọ náà pàtẹ́wọ́.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹnu pípadé.